Wọ́n ní àwọn máa dín owó iná kóòdù rúùmù mi kù, kí n fún àwọn ní ìdajì. Kí ni mo máa fi mọ̀ pé ó dín kù?

ÌyáẸlẹ́ja_Ṣábó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹja ni mo ń tà ní Ṣábó, Ìkòròdú níbí: títù, kótè, ṣáwà, pánlá. Páálí-páálí ni mo ń tà fún àwọn tó ń tún un tà, kílò-kílò fún ará àdúgbò. Kóòdù rúùmù méjì wà nísàlẹ̀ ilé, fírísà mẹ́fà wà lójú ṣọ́ọ̀bù, ọ́fíìsì tí àwọn ọmọ ti ń ṣírò owó wà lókè pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù méjì. Band A ni wọ́n kọ wá sí, ìyẹn ni pé ó yẹ ká máa rí iná fún ogún wákàtí ó kéré tán lóòjọ́. Ìgbà tí a ò bá rí i, jẹnẹrétọ̀ 60 kVA ni mò ń tàn. Ẹ ò rí ọ̀rọ̀ ayé: Ẹgbin, ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe iná fún Nàìjíríà, wà ní ìhà Ìjẹ̀dẹ́ níbí, ẹja yìnyín ò ní tíì yọ́ kí n tó gbé e dé ibẹ̀, síbẹ̀ dísù ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí.

Ohun tó gbé mi wá nìyí. Àwọn kan wá bá mi, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan náà. Wọ́n ní àwọn ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Àwọn máa pààrọ̀ gbogbo gílóòbù sí LED, àwọn máa so kọ́tìnnì rọ́bà mọ́ ẹnu ọ̀nà kóòdù rúùmù, àwọn máa yí tẹmọsítáàtì tó ń ṣètò òtútù padà sí èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn, àwọn máa pààrọ̀ fáànù inú yàrá òtútù, àwọn á sì so àpótí kékeré kan mọ́ ibi tí iná ti ń wọlé. Wọ́n ní owó iná mi máa fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ohun tó bá dín kù, a ó dá a sí méjì. Àwọn á máa gba ìdajì lóṣooṣù fún ọdún mẹ́rin.

Wọ́n tiẹ̀ fi iṣẹ́ àpótí yẹn hàn mí lójúkorojú. Ọmọkùnrin wọn fi kíláǹpù mítà kọ́ wáyà, ó kà 41. Ó so àpótí náà mọ́ ọn, ó tún kà á, ó di 29. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́, torí kò sí ohun tó yí padà nínú ìró kọ́mpírẹ́sọ̀.

Owó tí mo ná, mo ní rìsíìtì rẹ̀. Owó tí mi ò ná, ta ló ń kọ rìsíìtì ìyẹn, tí ẹnì kan á fi máa gba ìdajì rẹ̀ lọ́wọ́ mi? Wọ́n ní rìsíìtì iná oṣù kejì, ìkẹta àti ìkẹrin ọdún yìí ni àwọn máa fi ṣe òdiwọ̀n. Wọ́n fẹ́ kí n fọwọ́ síwèé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tó mọ̀ ọ́n, kí ni kí n bi wọ́n?

Ẹnjiníà_Ìgbògbò

Mà, ẹ kú òwò o. Ẹ má fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò ní onírọ́ ni wọ́n. Fáànù àti kọ́tìnnì jẹ́ nǹkan gidi. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe káàkiri àwọn ilé-iṣẹ́ ní Odògúnyàn, mo sì ti jókòó sí àárín àwọn méjì tí wọ́n jọ ń bára wọn jà lórí àdéhùn tó rí báyìí gan-an.

Ìbéèrè rìsíìtì tí ẹ bi yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Mítà máa ń ka iná tó kọjá nìkan. Iná tí kò kọjá, kò sí ẹ̀rọ tó lè kà á, a máa ń ṣírò rẹ̀ ni: a ó wo iye tí ilé ì bá jẹ ká ní a ò fọwọ́ kan nǹkan kan, a ó yọ iye tó jẹ gan-an kúrò níbẹ̀. Ìlànà kan wà fún ìṣirò yìí tí wọ́n ń lò káàkiri ayé, IPMVP ni orúkọ rẹ̀. Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996 sí 1997, àjọ tí wọ́n ń pè ní EVO ló ń tọ́jú rẹ̀ báyìí. Gbogbo rẹ̀ kò ju báyìí lọ: iná tí ẹ ń jẹ ṣáájú àtúnṣe, ẹ yọ èyí tí ẹ ń jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá fi kún un tàbí kí ẹ yọ kúrò nínú rẹ̀ nítorí ohun tó yí padà tí kò sí lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe. Ibi ìkẹyìn yẹn ni owó yín máa gbà lọ tí ẹ ò bá ṣọ́ra.

Ẹ wo oṣù tí wọ́n mú. Oṣù kejì sí ìkẹrin ni oòrùn ń mú jù lọ ní Èkó yìí. Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì náà wà nínú rẹ̀, àwọn Kátólíìkì ń ra ẹja, ilẹ̀kùn yín ò sinmi. Tí wọ́n bá so nǹkan wọn mọ́lẹ̀ ní oṣù karùn-ún, òjò á dé, oṣù keje á dé, oṣù kẹjọ tó tutù jù á dé. Ká tiẹ̀ ní wọn ò so nǹkan kan, iná yín máa dín kù fúnra rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ ń jẹ yúnìtì 205 lóòjọ́ ní oṣù kẹta, tó di 170 ní oṣù kẹjọ. Yúnìtì 35 lóòjọ́ nìyẹn, 1,050 lóṣù. Tí a bá kà á sí 209.5 náírà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 220,000 náírà. Ẹ ó bu ìdajì rẹ̀, nǹkan bí 110,000, fún wọn lóṣù yẹn nítorí pé òjò rọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n ní rìsíìtì. Rìsíìtì náírà àbí rìsíìtì yúnìtì? Ẹ rántí ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2024: yúnìtì kan tó jẹ́ 68 náírà di 225 fún Band A. Nínú oṣù karùn-ún ó bọ́ sí 206.80. Ẹni tó fi náírà díwọ̀n nígbà yẹn, iná rẹ̀ "pọ̀" ní ìlọ́po mẹ́ta láàárín òru ọjọ́ kan, fírísà rẹ̀ ò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Yúnìtì ni kí wọ́n kọ sínú ìwé. Iye tí yúnìtì kan jẹ́ lóṣù tí wọ́n bá ń gba owó, ìyẹn la ó fi sọ ọ́ di náírà.

Ó tún ku jẹnẹrétọ̀. Rìsíìtì iná ìjọba kò mọ̀ pé ẹ ń tan jẹnẹrétọ̀. Oṣù tí iná bá ṣe ségesège, yúnìtì tí ẹ rà máa kéré, wọ́n á ní àwọn ló ṣe é! Ẹ ra mítà kékeré kan, irú èyí tó ń lo CT (òrùka tí wọ́n fi ń kọ́ wáyà), ẹ jẹ́ kí wọ́n so ó sẹ́yìn ṣénjọ́fà. Bóyá iná ìjọba ni o, bóyá jẹnẹrétọ̀ ni o, ohun tí ilé bá jẹ á gba ibẹ̀ kọjá.

Àpótí yẹn wá. Ojú yín dáa gan-an ni, mà. Ohun tí kíláǹpù mítà ń kà ni áńpù, mítà yín sì ń ka kílówáàtì pẹ̀lú wákàtí, ìyẹn yúnìtì. Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Kọ́mpírẹ́sọ̀ àti fáànù máa ń fa áńpù tó pọ̀ ju èyí tó ń ṣe iṣẹ́ fún wọn lọ, apá tó lé yẹn kàn ń lọ ó ń bọ̀ nínú wáyà. Kàpásítọ̀ ló wà nínú àpótí wọn. Ó máa pèsè apá tó lé yẹn nítòsí, áńpù á sì já wálẹ̀ lóòótọ́, láti 41 sí 29. Àmọ́ mítà tí ẹ fi ń ra yúnìtì ò ka apá yẹn láti ọjọ́ tó ti wà. Ohun tí ẹ ó jèrè ni ooru díẹ̀ tó dín kù lára wáyà. Ẹni tó bá fi áńpù han ẹni tó ń san owó yúnìtì, yálà kò mọ iṣẹ́ ni tàbí ó mọ̀ ọ́n jù.

Ẹ jọ̀ọ́, gílóòbù mélòó ló wà ní ilé yẹn, kí ni wọ́n sì kọ sára fáànù?

Olóòtútù_Ẹ̀pẹ́

Ìyá, ẹ kú ìnáwó. Ẹnjiníà ti sọ ti ìwé, ẹ jẹ́ kí èmi tí ọwọ́ mi ń rùn fún gáàsì sọ tèmi. Kóòdù rúùmù àwọn ẹlẹ́ja ni mò ń tún ṣe ní Ẹ̀pẹ́ níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Olúwo.

Kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ mú náírà bébà kan, ẹ fi há ẹnu ilẹ̀kùn kóòdù rúùmù, ẹ ti ilẹ̀kùn náà, kí ẹ wá fà á. Tó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn yín ti kú. Ẹ ṣe é lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdè. Ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń kú ṣáájú, torí àwọn alábàárù máa ń fi páálí gbá a.

Ẹ lọ wo kọ́ńdẹ́nsà lẹ́yìn ilé. Tí eruku àti ìyẹ́ ẹyẹ bá ti bò ó, ooru tó kó jáde látinú yàrá ò ní ríbi gbà lọ, kọ́mpírẹ́sọ̀ á wá máa ṣiṣẹ́ ṣàn-án ṣàn-án kò ní sinmi. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń bá a tí wọ́n gbé kọ́ńdẹ́nsà sí ibi tí jẹnẹrétọ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí. Tí iná bá ti lọ tí jẹnẹrétọ̀ dé, èémí jẹnẹrétọ̀ ni kọ́ńdẹ́nsà á máa mí. Ẹ wo inú náà: tí yìnyín bá ti dì bo ẹ̀rọ tó ń fẹ́ òtútù títí ẹ ò fi rí irin rẹ̀ mọ́, aago tó ń yọ́ yìnyín ti bàjẹ́ tàbí ẹnì kan ti yí i.

Kàǹrìnkàn, ọṣẹ, omi, rọ́bà tuntun. Ó pọ̀ tó ọjọ́ méjì iṣẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí mò ń lọ. Ẹ ṣe gbogbo èyí KÍ ẸNJINÍÀ TÓ BẸ̀RẸ̀ SÍ Í KỌ NỌ́ŃBÀ. Tí ẹ bá jẹ́ kí àwọn ọmọ oníṣẹ́ẹ̀tì yẹn bá kọ́ńdẹ́nsà tó dọ̀tí, wọ́n á fọ̀ ọ́, iná á já wálẹ̀, ẹ ó sì máa san ìdajì owó ọṣẹ fún wọn fún ọdún mẹ́rin.

Kọ́tìnnì rọ́bà ńkọ́? Ó dáa, lójú mi ó dáa. Àmọ́ ẹ lọ wo èyí tí wọ́n so sí kóòdù rúùmù àwọn èèyàn lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Àwọn alábàárù á ti ká a, á ti so ó mọ́ ògiri pẹ̀lú okùn, wọ́n ní ó ń gbá àwọn lójú.

Ẹnjiníà_Ìgbògbò

Àwé mi ará Ẹ̀pẹ́, ẹ ṣeun jàre. Ọ̀rọ̀ ọṣẹ yẹn ni mo fẹ́ kí mà fi sọ́kàn ju gbogbo èyí tí mo kọ lọ.

Hòtẹ́ẹ̀lì_Àgbádárìgì

Kí ló dé tí ẹ fẹ́ fi ìwé pa ìyá yìí? Èmi ń bójú tó hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Àgbádárìgì, ìtòsí etíkun. Mo pààrọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù àtijọ́ sí onínfátà, yúnìtì tí mò ń rà dín kù, ó tán. Mi ò so mítà mọ́ ìdí nǹkan kan, mi ò ka IPMVP kankan. Ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́ kì í kọ́kọ́ wọn ìrù rẹ̀.

Ẹnjiníà_Ìgbògbò

Ọ̀gá mi, owó tiyín ni ẹ ná, ẹ̀yin náà lẹ jẹ èrè rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gba ìdajì lọ́wọ́ yín. Ẹ ò nílò ẹlẹ́rìí. Ìlànà yẹn fúnra rẹ̀ sọ pé owó ìdíwọ̀n kò yẹ kó ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá ohun tí ẹ ń fi pamọ́ lọ́dún lọ. Àmọ́ ìgbà tí ẹlòmíràn bá ń gba owó lórí ohun tí a ò lè fojú rí, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, mo fẹ́ mọ̀: nígbà tí ẹ pààrọ̀ wọn, yàrá mélòó ló ní àlejò lóṣù náà, mélòó ló sì ní in lóṣù tó tẹ̀ lé e? Mi ò fi jà o.

Hòtẹ́ẹ̀lì_Àgbádárìgì

Hmm. Kété lẹ́yìn ọdún ni. Àlejò ti lọ lóòótọ́. Síbẹ̀ ẹ̀rọ onínfátà dáa!

Ẹnjiníà_Ìgbògbò

Ó dáa gan-an ni, mi ò jiyàn ìyẹn.

ÌyáẸlẹ́ja_Ṣábó

Ẹ ṣeun o, gbogbo yín. Mo ti dá àwọn oníṣẹ́ẹ̀tì dúró, mo ní ọkọ mi rìnrìn-àjò. Irọ́ díẹ̀ fún òwò, Ọlọ́run á dárí jì mí.

Bàbá Ẹ̀pẹ́, mo fi igba náírà há ilẹ̀kùn. Kóòdù rúùmù àkọ́kọ́ dì í mú. Èkejì, owó náà fúnra rẹ̀ já bọ́ kí n tó fà á. A ti pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀. Wọ́n ti fọ kọ́ńdẹ́nsà, omi tó ṣàn jáde dúdú bí aró. Ti jẹnẹrétọ̀, ẹ sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀. A ti kó páànù sí àárín wọn kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ lọ.

Mítà tí Ẹnjiníà sọ náà ti wà lára ògiri. Ẹni tó tún wáyà ilé ìdáná mi ṣe ló bá mi so ó. Ọmọ mi obìnrin ló ń kà á ní aago méje àárọ̀ lójoojúmọ́, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé àjákọ pẹ̀lú iye páálí tó wọlé àti iye tó jáde. Ní ọjọ́ tí a bá tajà, 190 sí 215 ni a ń jẹ. Ọjọ́ Àìkú tí a ò ṣí rárá, ó ń jẹ 118, 116, bẹ́ẹ̀. Èyí yà mí lẹ́nu, nítorí kò sí ẹ̀dá alààyè kan níbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú àfi ẹja, àwọn náà sì ti kú.

Gílóòbù: onígọ̀ọ́ gígùn 14 ló wà, wọ́n kọ 36W sí wọn lára. A máa ń tàn wọ́n láti nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Fáànù inú kóòdù rúùmù méjèèjì jẹ́ mẹ́fà, 100W ni wọ́n kọ sí ìkọ̀ọ̀kan.

Ẹnjiníà_Ìgbògbò

Mà, ẹ bá mi kí ọmọ yín obìnrin. Ohun tó kọ sínú ìwé àjákọ yẹn ti ya ìlérí àwọn èèyàn wọ̀nyí sí méjì.

Ẹ wo ó. Ẹ ń jẹ nǹkan bí 200 lọ́jọ́ ọjà. Ìdá 40 nínú rẹ̀ jẹ́ 80. Lọ́jọ́ Àìkú tí gbogbo nǹkan wà ní títì, 118 ni. Ìyàtọ̀ àárín ọjọ́ ọjà àti ọjọ́ Àìkú jẹ́ 82. Kí àwọn tó lè dín 80 kù pẹ̀lú gílóòbù, kọ́tìnnì àti tẹmọsítáàtì, á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ ti ṣọ́ọ̀bù yín pa, ẹ dẹ́kun ẹja títà. Gílóòbù kì í tàn lọ́jọ́ Àìkú. Kọ́tìnnì ò ní iṣẹ́ kankan níbi tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì. Èyí tó pọ̀ jù nínú iná yín ń lọ láti di òtútù mú, ẹ tà o, ẹ ò tà o.

Gílóòbù: onígọ̀ọ́ 36W pẹ̀lú ṣóòkì rẹ̀ ń jẹ nǹkan bí 45W. LED tó máa rọ́pò rẹ̀ jẹ́ 18W. Ìyàtọ̀ 27W, ní ọ̀nà 14, fún wákàtí mẹ́wàá, kò pé yúnìtì mẹ́rin lóòjọ́. Ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo inú ìwé àdéhùn wọn dáadáa o: tí wọ́n bá kọ wákàtí 24 sí ẹ̀gbẹ́ gílóòbù, yúnìtì mẹ́rin á di mẹ́sàn-án lórí bébà. Ìlànà IPMVP gbà kí èèyàn wọn nǹkan kan kí ó sì fohùn ṣọ̀kan lórí èkejì, ọ̀nà A ni wọ́n ń pe èyí, kò sì burú fún gílóòbù. Àmọ́ ẹ̀yin ni kí ẹ sọ wákàtí, kì í ṣe wọn.

Fáànù ni mo máa gbà wọ́n láàyè lé lórí. Mẹ́fà, 100W, wákàtí 24 láìsinmi: yúnìtì 14 àti díẹ̀ lóòjọ́. Tí wọ́n bá fi irú tuntun tó ń jẹ 40W rọ́pò wọn, ó máa fi yúnìtì mẹ́jọ àbọ̀ dín kù. Kò tán síbẹ̀. Iná tí fáànù bá jẹ nínú yàrá òtútù, ooru ló ń dà níbẹ̀, kọ́mpírẹ́sọ̀ ló sì gbọ́dọ̀ kó o jáde. Ní irú ooru ilẹ̀ wa yìí, kí kọ́mpírẹ́sọ̀ tó kó ooru yúnìtì kan àbọ̀ jáde láti inú yàrá tó wà ní ìwọ̀n òdo dín méjìdínlógún (-18°C), ó máa ń jẹ tó yúnìtì kan. Nítorí náà a ó fi nǹkan bíi yúnìtì mẹ́fà kún un. Gbogbo rẹ̀ á sún mọ́ 14 lóòjọ́, ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún, lọ́jọ́ Àìkú náà. Ẹ san ìdajì èyí fún wọn tìdùnnú-tìdùnnú, wọ́n jẹ ẹ́ lẹ́tọ̀ọ́.

Kọ́tìnnì, mi ò lè sọ, ó dọwọ́ àwọn alábàárù yín. Tí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, mo rò pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló máa dín kù ní gidi, kì í ṣe 40. Àwọn ọ̀nà mẹ́rin ni ìlànà yẹn là. Wíwo mítà gbogbo ilé nìkan, èyí tí wọ́n ń pè ní C, kì í fẹ́ gbé àdínkù tí kò tó ìdá mẹ́wàá, torí ìyàtọ̀ ọjọ́ sí ọjọ́ máa bò ó mọ́lẹ̀. Fún ti fáànù àti kọ́mpírẹ́sọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n so mítà tirẹ̀ mọ́ wáyà kóòdù rúùmù nìkan. Ọ̀nà B nìyẹn. Kí owó rẹ̀ jẹ́ tiwọn.

Ohun tí mo tún fẹ́ kí ọmọ yín máa kọ: ìwọ̀n òtútù inú kóòdù rúùmù. Ìdí rẹ̀ ni tẹmọsítáàtì tuntun yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kí iná dín kù kíákíá, kó kàn yí i láti òdo dín méjìdínlógún sí òdo dín méjìlá. Iná á já wálẹ̀ lóòótọ́, ẹja á sì ṣì le lọ́wọ́, ẹ ò ní mọ̀. Àwọn oníbàárà yín ló máa mọ̀ nígbà tó bá yá. Kí ó wà nínú ìwé pé ọjọ́ tí òtútù bá kúrò ní òdo dín méjìdínlógún, ọjọ́ yẹn kò sí nínú ìṣirò wọn.

Kí ó máa kọ ooru ìta náà, ti aago méjì ọ̀sán. Tó bá ti kọ ọ́ tó, tó kan oòrùn tó sì kan òjò, mo máa bá yín fà á sórí kọ̀ǹpútà: iye yúnìtì tó yẹ kí ilé jẹ ní ọjọ́ tí ooru bá tó báyìí, tí páálí bá wọlé tó báyìí. Ìyẹn ni wọ́n máa fi ṣe òdiwọ̀n, kì í ṣe rìsíìtì oṣù mẹ́ta tí oòrùn mú jù. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n pín yúnìtì sórí páálí kí wọ́n ní "yúnìtì mélòó fún páálí kan". Pẹ̀lú 118 tó dúró síbẹ̀ lójoojúmọ́, oṣù Kérésìmesì tí ẹ tà gan-an á jọ oṣù àṣeyọrí fún wọn.

Àti dísù. Lítà kan ní agbára tó tó nǹkan bíi yúnìtì mẹ́wàá nínú, jẹnẹrétọ̀ tó ní ẹrù tó tó lórí ń mú nǹkan bí mẹ́ta jáde nínú rẹ̀. Tí ẹrù bá fúyẹ́, kì í mú tó bẹ́ẹ̀. 60 kVA yín ti tóbi jù fún yín tẹ́lẹ̀ lójú tèmi, tí ẹ bá tún dín ẹrù kù, dísù ò ní dín kù bí yúnìtì ṣe dín kù, ẹ ó sì rí òróró dúdú tó ń kán láti ẹnu èéfín rẹ̀. Nítorí náà, tí wọ́n bá fẹ́ ṣírò lítà dísù tí ẹ fi pamọ́, kí wọ́n lọ ka ọ̀pá dísù nínú táǹkì. Wọn ò gbọ́dọ̀ fi ìsọdipúpọ̀ ṣe é. Ní tòótọ́, ẹ béèrè iye tí 30 kVA jẹ́ lọ́jà.

Olóòtútù_Ẹ̀pẹ́

118 yẹn ṣì ga lójú mi. Ìyá, kóòdù rúùmù yín ọdún mélòó ni? Tí omi bá ti wọ inú ògiri rẹ̀, fóòmù inú rẹ̀ ti di kàǹrìnkàn tútù, kò gbà òtútù dúró mọ́. Ẹ fọwọ́ kan ògiri náà láti ìta ní kùtùkùtù. Ibi tó bá tutù ju ibòmíràn lọ tí ó ń làágùn, ibẹ̀ ló wà.

ÌyáẸlẹ́ja_Ṣábó

Ògiri ẹ̀yìn èkejì ń làágùn, láti ìgbà òjò tó kọjá. Mo rò pé òrùlé ló ń jò. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ń bọ̀ ní Ìkòròdú, ẹ yà wá wò ó, mo máa san owó ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, ẹ ó sì mú pánlá lọ sílé.

Àwọn oníṣẹ́ẹ̀tì padà wá. Mo gbé ìwé àjákọ síwájú wọn. Ọ̀gá wọn kà á, ó béèrè ta ló kọ ọ́, mo ní ọmọ mi, ó ní ó máa bá àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ti fi ìwé tuntun ránṣẹ́: àpótí yẹn kò sí nínú rẹ̀ mọ́, 40 ti di "ó kéré tán 12", yúnìtì ló kọ, wọ́n sì gbà láti ra mítà kóòdù rúùmù. Ó ṣì ń fẹ́ ọdún mẹ́rin. Mo ní méjì àbọ̀. A ṣì ń nájà.

Ẹnjiníà, ìbéèrè kékeré kan. Ẹni tó so mítà mi, òrùka CT mẹ́ta ló fi kọ́ wáyà mẹ́ta. Láti àná, nọ́ńbà wáyà kejì ń fi àmì òdìkejì hàn, bí ẹni pé iná ń jáde nílé mi lọ sí Ẹgbin.

Ẹnjiníà_Ìgbògbò

Ó fọwọ́ kan án lánàá nìyẹn, mà, ó sì yí òrùka náà padà. Ọfà kékeré kan wà lára CT kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kọjú sí apá ibi tí iná ń lọ, ìyẹn ilé. Kí ó pa iná ná o, kí ó tó tú u. Kí ọmọ yín fi ìlà pupa sí àwọn ọjọ́ tó ti kọ láti àná, a ò ní lò wọ́n nínú ìṣirò.